Mo Dájọ́ Fíìmù Tí N Kò Wò

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, n kò sì ronú rí pé èmi náà á jókòó kọ irú ìwé báyìí. Ìtàn àwọn ẹlòmíràn ni mo máa ń kà nínú ìwé ìròyìn yìí, tí màá máa mi orí pé, "Kí ló gbé àgbàlagbà yìí débẹ̀?" Ó wá kàn mí.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn ní ọsibítù. Fáìlì kan kò sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Bí mo ṣe tọ́jú fáìlì náà ni mo ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹbí wa: ẹni tó bí ẹni, ẹni tó fẹ́ ẹni, ọdún tí a kó kúrò nílé àkọ́kọ́, àti àwọ̀ ilẹ̀kùn ilé náà. Bí àríyànjiyàn bá dé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá.

Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni fíìmù wọ̀ mí lára. Ẹbí wa ní gúrúùpù lórí fóònù, àwa mẹ́tàdínláàádọ́ta la wà níbẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, màá sọ̀rọ̀ sínú fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, màá sọ ohun tí mo rò nípa àwọn fíìmù tí mo wò láàárín ọ̀sẹ̀.

Èyí tí ọkọ kú ní apá kẹta, tó tún yọjú ní apá keje pẹ̀lú irùngbọ̀n, mo ní, "Irùngbọ̀n nìkan ló jíǹde o, ọgbọ́n ẹni tó kọ ìtàn náà kò jíǹde." Èyí tí ọmọge kan ń sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ní, "Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀kán omi kan kò sí níbẹ̀." Èyí tí ọlọ́pàá ń lé olè yí ilé ìtajà ká, mo yìn ín, nítorí olè yẹn mọ iṣẹ́ ju ọlọ́pàá lọ.

Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ mí ní Adájọ́. "Adájọ́ ti sọ̀rọ̀," ni wọ́n á kọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn kò ní wo nǹkan àfi tí mo bá ti ní kí wọ́n wò ó. Irọ́ kọ́, orí mi wú.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kéré púpọ̀. Fíìmù kan wà tó dá lé nọ́ọ̀sì, apá mẹ́wàá ló ní. Mo wo apá kìíní. Ní apá kejì, oorun gbé mi lọ. Ìgbà tí mo jí, a ti wà ní apá kẹrin, n kò mọ ẹni tó ń bá ta ni jà mọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe irun lọ́dọ̀ onídìrí tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lókè dígí rẹ̀, kì í pa á láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ní, "Ìwọ, nọ́ọ̀sì yẹn, ibo ló wá já sí?"

Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n sọ fún yín." Kò tíì dì í dé ìlàjì orí mi tó fi sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ̀rọ̀ lórí nọ́ọ̀sì náà bí ẹni tó bá a gbé yàrá kan náà. Ọmọ ẹbí wa kan tí a ń pè ní Alápàárá kọ̀wé pé, "Àǹtí Àgbà, tòní ló dùn jù. Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi fi mí sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ǹ bá sọ: "Oorun gbé mi lọ." Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ pé Adájọ́ sùn lórí àga? Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wo méjì, màá gbọ́ ìkẹta lẹ́nu onídìrí. Nígbà tó ṣe, mò ń wo ọ̀kan, mò ń gbọ́ mẹ́ta. Kò sí ẹni tó mọ̀. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ mọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Oníkámẹ́rà ni a ń pè é láti kékeré, nítorí gbogbo wa ló ti yà tán: ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ń sùn, ẹni tó la ẹnu sílẹ̀. Lọ́wọ́ mi ló ti kọ́ bí a ṣe ń kàwé. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ilé sinimá kéékèèké fún un ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Ẹni tó ni ibẹ̀ sọ fún un pé, "Bí ọgọ́ta àga bá kún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, màá fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Bí kò bá kún, mi ò lè ràn ọ́ lọ́wọ́." Ẹbí wa ti ṣèlérí méjìlélógójì nínú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, ó fi fíìmù náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó pè mí. Ó ní, "Àǹtí Àgbà, ẹnikẹ́ni ò tíì rí i, kódà Dádì. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú péré ni."

"Kí ló dá lé?"

"Ìyá àgbà ni, mà. Ìyá yín. Ẹ ṣáà wò ó."

Kò dùn mọ́ mi nínú. Ẹ má bi mí léèrè ìdí, mo ti ń bi ara mi. Nínú ẹbí wa, kò sí ẹni tó ń sọ ìtàn ìyá wa bí kò ṣe èmi. Ta ló wá sọ ọ́ fún un?

Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí àbúrò mi yìí sì jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, ìyá wa gbé wa fún aládùúgbò kan, ó lọ ṣiṣẹ́ ìfọṣọ ní ọsibítù kan nílùú tó jìnnà. Oṣù mọ́kànlá ló lò. Ó padà wá kó wa. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà ní ìdílé bàbá wa tó jẹ́ pé títí ó fi kú, ohun tó ń sọ káàkiri ni pé ìyá wa já ọmọ sílẹ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Àbúrò mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dàgbà. Kì í fẹ́ ká dá a sílẹ̀ rárá.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, n kò wo fíìmù náà. Mo máa ń mú fóònù, màá tún gbé e sílẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún onídìrí. Mo ní, "Bá mi wo eléyìí, kó o sọ bó ṣe rí fún mi."

Ó gbé fóònù náà ti dígí, ó ń wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Oníbàárà méjì jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, ẹ̀rọ méjèèjì ń hó yee, kò sí ẹni tó lè gbọ́ nǹkan kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Àwòrán nìkan ló ń wò.

Ìgbà tí mo padà dé, mo ní, "Báwo?"

"Màmá, ó le o. Ìyá kan gbé ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà onílé, ó kọjú síbi tó ń lọ, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Ọmọ ń ké, ọmọbìnrin kékeré kan ń fà á mọ́ra."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni mo dé tí oníbàárà tuntun wọlé. Ẹ jẹ́ n parí rẹ̀ lọ́la."

N kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Kò bojú wẹ̀yìn." Ọ̀rọ̀ ìyá burúkú yẹn gan-an nìyẹn, tó ti wà nínú ilẹ̀, tó tún wá ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ wa. Mo gun àtẹ̀gùn padà sókè.

N kò dúró de ọjọ́ Àìkú. Mo tẹ fóònù, mo sọ̀rọ̀ sínú gúrúùpù. Mo ní, "Ẹ̀yin ẹbí mi, mo ti wo fíìmù ọmọ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó. Ọkàn mi bàjẹ́. Ó fi ìyá wa hàn bí ẹni tó já ọmọ sílẹ̀. Ẹni tó sọ ìtàn yẹn fún un, òpùrọ́ ni, kò mọ ìyá wa rí. Èmi ò ní lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kí olúkúlùkù ṣe bí ọkàn rẹ̀ bá ti sọ."

Ẹ rí i? Mo ní kí olúkúlùkù ṣe bí ọkàn rẹ̀ bá ti sọ, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. "Adájọ́ ti sọ̀rọ̀." "Ọmọ yìí ò ṣe dáadáa." Àbúrò mi kò kọ nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ńṣe ló pa iná yàrá, tó dojú kọ ògiri.

Oníkámẹ́rà pè mí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àǹtí Àgbà, ṣé lóòótọ́ lẹ wò ó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Ṣé o ń pè mí lónírọ́ ni?"

Ó ní, "Rárá o, mà. Ó ti yé mi." Ó rọra pa fóònù.

Ẹni mọ́kànlá ló wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mẹ́wàá nínú wọn. Ìkọkànlá ni ìyá rẹ̀, ìyàwó àbúrò mi, tó ń ṣe télọ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń lọ ra òwú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti yọ fíìmù náà kúrò lára pátákó ilé sinimá.

Ẹbí wa máa ń pàdé nílé àbúrò mi ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ló bọ́ sí. A tó mẹ́rìnlá ní pálọ̀, a ti jẹun tán. Mo jókòó sórí àga tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún mi. Alápàárá ní, "Àǹtí Àgbà, kí lẹ wò lọ́sẹ̀ yìí?" Mo ti la ẹnu.

Ìyàwó àbúrò mi dìde níbi tó jókòó sí. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ọgbọ̀n ọdún ló ti wà nílé wa, kò gbé ohùn sókè sí mi rí. Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sọ ti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ bá wa fọwọ́ tọ́ka síbi tó burú nínú ti ọmọ mi."

Oníkámẹ́rà ní, "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀."

"Mi ò fi sílẹ̀."

Mo ní, "Ìyàwó wa, mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti sú mi."

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò ní ṣe yín ní nǹkan, Àǹtí."

Àbúrò mi fẹ́ dìde jáde. Ìyàwó rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú, ó ní, "Ìwọ gan-an ni kó o jókòó."

Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn. Kò sí àwòrán kankan. Lẹ́yìn náà, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn yẹn.

"Ìyá wa kì í sunkún níwájú ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí omi lójú rẹ̀..."

Ohùn mi ni.

Ohùn mi, pẹ̀lú ikọ́ kékeré tí mo máa ń wú kí n tó sọ ọ̀rọ̀ gidi, pẹ̀lú ṣíbí tí mo fi ń ro tíì. Mo rántí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ yìí wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ mẹ́rin léraléra. Ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó ní, "Ṣé kí n gba ohùn yín sílẹ̀, mà?" Mo ní, "Gbà á, ohùn ò lè tán lẹ́nu mi." Mo rò pé ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fún ara rẹ̀ ni. Mo sọ gbogbo ìtàn ìyá mi fún un. Èmi fúnra mi.

Alápàárá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Àgbà, ṣé òpùrọ́ tẹ́ ẹ sọ pé kò mọ ìyá yín rí nìyí?" Ó wo ojú àwọn yòókù, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá wo ìṣẹ́jú kan péré nínú fíìmù náà á ti mọ̀. Ìṣẹ́jú kan.

Bí mo ṣe jókòó wò ó nìyẹn, níṣojú gbogbo wọn, fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. A dé ibi tí onídìrí sọ. Ìyá náà gbé ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú síbi tó ń lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Lórí àwòrán náà, ohùn mi ní, "Ó sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà pé, bí òun bá bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré, òun ò ní lè lọ mọ́, ebi á sì pa wá. Ó ní láti ibẹ̀ dé ibùdókọ̀, òun ń ka ìṣísẹ̀ òun kí òun má baà gbọ́ igbe ọmọ."

Àbúrò mi gbé ọwọ́ bojú.

Ìyá náà padà wá lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá. Ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n. Ó sá, ó lọ rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà, tó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gbé e, ó ń fi ọwọ́ ọmọ náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá wọn, ó ń sọ pé, "Ìyá rẹ nìyí. Fọwọ́ kàn án." N kò sọ ìyẹn fún àbúrò mi rí. Ó jọ pé n kò rí àyè. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sunkún bí ọmọdé nínú pálọ̀ ara rẹ̀.

Ìgbà tó parí, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Àbúrò mi yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún mi pé ẹ wò ó."

Mo ní, "N kò wò ó."

"Ẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì."

"N kò wò ó lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ń sọ fún yín láti ọdún tó kọjá, n kò wò wọ́n."

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan pé. Ìdá kan nínú mẹ́ta ẹjọ́ ni mo gbọ́, mo sì ti sọ ọmọ ẹni sẹ́wọ̀n.

Mo wo Oníkámẹ́rà. Mo ní, "Lọ́jọ́ tó o pè mí, o ti mọ̀. Kí ló dé tí o kò sọ fún wọn?"

Ó ní, "Kí n sọ pé kí ni, mà? Pé Àǹtí Àgbà purọ́?" Ó ń wo ilẹ̀. "Mo rò pé ẹ máa wò ó bó bá yá, ẹ máa pe àwọn èèyàn padà. Mo dúró títí di aago mẹ́ta ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, wọ́n ti bú mi rí láyé. Dókítà ti bú mi, ìyá ọkọ ti bú mi. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí ọmọ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ń retí pé kí n hùwà àgbà.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọkọ̀ lọ bá ẹni tó ni ilé sinimá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó níwà ni, ó gbé àga fún mi. Mo ro ẹjọ́ mi. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe pé mo kọ̀. Ṣùgbọ́n àyè ti kún títí di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni mọ́kànlá ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún fíìmù yẹn, ibikíbi tó bá gbé e lọ báyìí, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í nìyẹn." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bẹ òun.

Mo sọ òtítọ́ sínú gúrúùpù. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan kọ ọ́ pé, "Ó dáa, mà." Wọn kò pè mí ní Adájọ́ mọ́. Bí wọ́n bá bi mí léèrè fíìmù kan báyìí, ohun tí mò ń sọ jù ni, "N kò tíì wò ó." Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré. Ó máa ń ṣòro fún mi láti sọ.

Oníkámẹ́rà ti gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan, ó ń ya àwòrán ilé tí wọ́n fẹ́ tà. Oṣù tó kọjá, mo lọ bá a nílé rẹ̀. Mo ní, "Sọ ohun tí o fẹ́ kí n ṣe."

Ó ní, "Ẹ ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde kúrò nínú ẹbí, mà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi gbọ́, àwọn ọ̀rẹ́ wọn gbọ́, pé ẹbí mi gan-an sọ pé irọ́ ni. Ẹ ní ìwé ìròyìn kan tẹ́ ẹ máa ń kà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

Ìdí tí ẹ fi ń ka èyí nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi kọ ọ́, nínú ìwé àjákọ, pẹ̀lú báírò. Kí n tó fi í ránṣẹ́, mo gbé e lọ fún un.

Mo ní, "Ó gùn díẹ̀. Ka ìbẹ̀rẹ̀, kó o sọ bó bá dára."

Ó pa fóònù rẹ̀, ó jókòó síwájú mi, ó sì ka gbogbo rẹ̀, ojú ìwé mẹ́rìndínlógún, láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Ibi tí ìwé mi kò ti hàn, ó gbé e súnmọ́ fèrèsé. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tó parí, ó ní, "Ojú ìwé keje, ibi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ pé ẹ̀bi onídìrí ni, torí pé kò wò ó parí. Ẹ yọ ìyẹn kúrò, mà. Ó ní kí ẹ jẹ́ kí òun parí rẹ̀ lọ́la."

Mo gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì yọ ọ́ kúrò.